Àpò Ìyàngbò

Òdo ni.

Ìyùnadé fi etí ìborùn rẹ̀ nu ojú kọ̀ǹpútà, ó ní bóyá eruku ló ń tan òun jẹ. Òdo náà ò yẹsẹ̀. Ilé kẹtàdínlógún, Òpópónà Afárá-Dúdú. Iye ìgbà tí onílé dá ilẹ̀kùn lóhùn láàárín àádọ́rùn-ún ọjọ́: òdo. Wọ́n wá fi àwọ̀ pupa kọ ọ̀rọ̀ kan gàdàgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ÒFÌFO.

"Òfìfo kẹ̀?" Ó ti sọ ọ́ síta kó tó mọ̀. "Ilé tí mo ti mu ògì jáde láàárọ̀ yìí?"

Ilé bàbá tó bí bàbá rẹ̀ ni, orúkọ onílé nìkan sì ni òfin ń kà; ohùn àwọn ará ilé tó kù ò sí nínú ìṣirò. Bàbá Fágbàmígbé sì wà níbẹ̀ digbí, lórí àga lẹ́bàá fèrèsé. Lóòótọ́, ó ti lé ní oṣù mẹ́ta tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ohùn lẹ́nu rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ò sì gbé nǹkan mọ́. Àmọ́ ẹni tó bá ní bàbá yẹn ò sí láyé, kó lọ gba àkàrà iwájú rẹ̀ kó wò ó ná.

Ó wo aago. Mẹ́wàá ààbọ̀ àárọ̀. Aago méjì ọ̀sán ni wọ́n máa ti Ìjábọ̀ oṣù yìí pa, ìwé tí wọ́n fi ń pín ilé tó ṣófo, tí wọ́n bá sì ti tì í, ẹkún ò ṣí i. Ó yọjú lójú fèrèsé. Nísàlẹ̀, lórí omi, ọkọ̀ ti tò bẹẹrẹ sí ẹsẹ̀ Àká, ilé tí wọ́n ń kó ọ̀rọ̀ gbogbo ilẹ̀kùn ìlú pamọ́ sí, ẹní àti ìkòkò àti adìyẹ inú àgò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Àwọn tí òkun gba ilẹ̀ wọn ni. Wọ́n ń dúró de ilé òfìfo. Obìnrin kan ń fọ abọ́ ọmọ rẹ̀ sétí ọkọ̀, ó ń kọrin sábẹ́lẹ̀, ó jọ pé ó dá a lójú pé lónìí lòun máa sùn sábẹ́ òrùlé. Ìyùnadé ò lè bínú sí i. Ẹni tó ń bínú sí ni ẹni tó fẹ́ fi ilé Bàbá òun ta á lọ́rẹ.

Ó sì mọ ẹni náà. Ó kéré tán, ó rò pé òun mọ̀ ọ́n.

Àlàájà Sìfáwù ni olùtọ́jú Àká. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, híjáàbù aláwọ̀ ewé kan náà ló ń wọ̀ lójoojúmọ́, ẹsẹ̀ òsì ń dùn ún, ó sì ní ìwé kékeré kan tó fi awọ bò. Ìwé bébà o! Ní ìlú Orí-Ọ̀sà, níbi tí ilẹ̀kùn ti ń sọ̀rọ̀, ta ló tún ń fi bírò kọ nǹkan, bí kì í ṣe ẹni tí kò fẹ́ kí ẹ̀rọ mọ ohun tó ń ṣe?

Láràárọ̀, obìnrin yìí á wọnú yàrá ìfẹ́kà lọ, níbi tí wọ́n ti ń ya ọ̀rọ̀ tó wúlò sọ́tọ̀, á ti ilẹ̀kùn mọ́ra rẹ̀, á lo bí ogún ìṣẹ́jú. Kọ́kọ́rọ́ yàrá yẹn, ọ̀kan ṣoṣo ni, ọrùn rẹ̀ ló sì wà. Tó bá di ọ̀sán, á wọ ọkọ̀ ojú omi lọ, kò ní sọ ibi tó ń lọ. Ìyùnadé ti bi í rí. "Mò ń lọ kí àwọn èèyàn ni," ló fi dá a lóhùn. Ta ló ń kí èèyàn lójoojúmọ́ pẹ̀lú ẹsẹ̀ dídùn?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ara wá fu ú pátápátá. Àlàájà gbàgbé ìwé náà sórí tábìlì, afẹ́fẹ́ sì ṣí i. Ìyùnadé rí nọ́ńbà ilé tiwọn níbẹ̀, tí wọ́n fa ìlà sí nídìí lẹ́ẹ̀mejì. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ló ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé bí obìnrin oníhíjáàbù ewé kankan bá wá, kò gbọdọ̀ ṣílẹ̀kùn.

Ó padà síbi kọ̀ǹpútà, ó jókòó. Ọdún méje ló fi ṣiṣẹ́ ní Ẹ̀yìn Ẹ̀rọ, lọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ kóòdù tí gbogbo ilẹ̀kùn ìlú fi ń gbọ́ràn. Èèyàn kì í rí wọn. Ilẹ̀kùn á ní "Ta nìyẹn?", wàá dáhùn, á ṣí, o ò jẹ́ bi í pé ta ló kọ́ ọ lọ́rọ̀. Iṣẹ́ ojú ẹsẹ̀ ni. Ìbéèrè dé, dá a lóhùn, ó tán, òmíràn dé. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún rèé tí wọ́n gbé e wá sí Àká kó wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń kó ọ̀rọ̀ jọ àti bí wọ́n ṣe ń jábọ̀, ohun tó sì kọ́kọ́ yà á lẹ́nu ni pé níbí, kò sẹ́ni tó bìkítà nípa ìsinsìnyí. Àná ni wọ́n ń bá ṣiṣẹ́.

"Ohun mẹ́ta ni," Àlàájà ti sọ fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́. "Kó o, fẹ́ ẹ, tò ó. Ní ìdájí, à ń kó ọ̀rọ̀ wá látẹnu gbogbo ilẹ̀kùn. A ó fẹ́ ìyàngbò kúrò lára rẹ̀. A ó wá tò ó sínú Àká. Ìgbà yẹn lo tó lè bi í ní ìbéèrè. Ẹ̀yin ará Ẹ̀yìn Ẹ̀rọ, ẹ kì í ní sùúrù, kíá lẹ ti ń béèrè."

"Ohun tá a bá ti tò, mà, ṣé a lè pa á rẹ́?"

"Láéláé. O lè fi ìlà tuntun kún un, kó o sì kọ orúkọ rẹ sí i. Pípa rẹ́ ò sí ńbí."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí nígbà náà. Lónìí, ẹ̀rín kíkorò ló ń pa Ìyùnadé. Pípa rẹ́ ò sí, àmọ́ Bàbá ti pa rẹ́!

Ó ṣí ohun tí wọ́n kó látẹnu ilẹ̀kùn ilé wọn ní ìdájí. Ìlà mẹ́fà ni fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan: méjì tiẹ̀, méjì ti ìyá rẹ̀, méjì tí ìyá rẹ̀ sọ lórúkọ Bàbá. Àwọn òǹkà nìkan ni wọ́n ń jẹ́ kó rí níbẹ̀. Orúkọ wà ní títì. Ó ṣí ohun tí wọ́n tò. Ìlà mẹ́rin. Ó ka ọjọ́ kejì. Mẹ́fà wọlé, mẹ́rin jáde. Ọjọ́ kẹta, bẹ́ẹ̀ náà. Ó ka gbogbo àádọ́rùn-ún ọjọ́ náà tán, ó gbà á ju wákàtí méjì lọ. Ìlà méjì ń sọnù lójoojúmọ́, láàárín kíkó àti títò, nínú yàrá tí ẹnì kan ṣoṣo ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

"Mo ti mú ọ," ló sọ jẹ́ẹ́.

Ó pe ìyá rẹ̀.

"Ìyùn, dúró ná," ni Màmá Wúràọlá wí, "mo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn." Ìyùnadé gbọ́ ohùn ilẹ̀kùn nínú fóònù: "Ta nìyẹn?" Ìyá rẹ̀ ní, "Wúràọlá ni." Ilẹ̀kùn ní, "Ó dáa, Wúràọlá." Ìyá rẹ̀ tún ní, "Akọ̀wé náà wà ńlé o, àlàáfíà ni wọ́n wà." Ilẹ̀kùn ní, "A ti gbọ́. Ẹ ṣé."

Akọ̀wé ni ìyá rẹ̀ ń pe Bàbá. Ìyùnadé ti gbọ́ ọ láti kékeré débi pé etí rẹ̀ ò mú un mọ́.

"Ẹ̀yin náà ẹ wà dáadáa, mà?"

"A dúpẹ́. Hẹn-ẹ̀n, obìnrin oníhíjáàbù ewé tó o sọ, ó wá lánàá o! Ó dúró lórí afárá bí wákàtí kan. Ó ní òun kàn fẹ́ fojú kan Akọ̀wé lásán, kóun máa lọ. Lásán! Mo ní kò sí Akọ̀wé kankan ńbí, kó máa gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ síbi tó ti ń bọ̀."

"Ẹ ṣeun, Màmá. Ẹ ṣe dáadáa."

Inú rẹ̀ dùn, ẹ gbọ́ mi, inú rẹ̀ dùn gan-an. Ó ti lé olè lẹ́nu ọ̀nà. Ó dìde lọ síbi ara ògiri, níbi tí wọ́n kọ òfin Àká sí lẹ́tà ńláńlá: ẸNI TÓ KỌ ÌLÀNÀ NÌKAN LÓ LÈ FẸNU ARA RẸ̀ DÁ ÌJÁBỌ̀ DÚRÓ. ẸNI TÓ BÁ SỌ ALÀÀYÈ DÒFÌFO, ÒUN NÁÀ YÓÒ DÒFÌFO FÚN ỌDÚN KAN. Gbogbo ìlú ló mọ ohun tí ìlà kejì yẹn túmọ̀ sí. Ọkùnrin kan wà lábẹ́ afárá Ìdí-Ọsàn lọ́dún tó kọjá: ilẹ̀kùn ò mọ̀ ọ́n, ẹ̀rọ omi ò mọ̀ ọ́n, ọlọ́kọ̀ ò lè gbé e. Bọ́tìnnì pupa kan wà nísàlẹ̀ òfin náà. Ìyùnadé fọwọ́ tẹ̀ ẹ́.

"Ta lo fẹ̀sùn kàn?" ni ògiri béèrè.

"Sìfáwù, olùtọ́jú Àká."

"Ó dáa. Olùyẹ̀wò yóò dé ní aago kan ààbọ̀."

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó padà ni ilẹ̀kùn yàrá ìfẹ́kà ṣí. Àlàájà, tó ti wà níbẹ̀ látàárọ̀, jáde, ó ń tiro, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹni tí kò sùn. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, ó nà án sí Ìyùnadé.

"Bọ́ sínú ilé, ọmọ mi. Ó yẹ kí n ti fi hàn ọ́ látọjọ́ yìí. Mo kọ́kọ́ ń wo irú èèyàn tó o jẹ́ ni."

Ìyùnadé wo kọ́kọ́rọ́ náà. Ara rẹ̀ ò gbà á. Ẹni tó ń jalè kì í fúnni ní kọ́kọ́rọ́, àbí ọgbọ́n kan ló tún ń dá? Ó tẹ̀ lé e wọlé, àmọ́ ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí.

Yàrá náà ò ju ilé ìdáná lọ. Dígí kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó ga tó èèyàn, ọ̀rọ̀ sì ń ṣàn wálẹ̀ lójú rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sókè rẹ̀: ÀPÒ ÌYÀNGBÒ.

"Gbogbo ìlà tó bá ti Ẹ̀yìn Ẹ̀rọ wá pẹ̀lú àmì pé 'kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀', ibí là ń dà á sí," ni Àlàájà wí. "Ìlànà wọn nìyẹn. Èmi ò láṣẹ láti yí i. Kà á."

Ìyùnadé kà á. Ìbàdí-Ìlẹ̀kẹ̀. Baba Onífìlà. Ẹyinjú-Ẹgẹ́. Ọkọ-Mi-Àgbà. Adúmáadán. Akọ̀wé. Eyínfúnjowó. Akọ̀wé. Akọ̀wé.

Ó tún un kà.

"O rí i báyìí," ni Àlàájà wí. "Ìyàwó ilé ló sọ gbogbo wọn. Àna wọn ṣàìsàn, kò lè sọ̀rọ̀, ìyàwó ló ń bá a dá ilẹ̀kùn lóhùn. Ìyàwó wo ló sì máa la ẹnu rẹ̀ pe àna rẹ̀ lórúkọ? Orúkọ tó sọ wọ́n lọ́jọ́ tó wọlé ló máa pè. Ẹ̀rọ wá wo ìwé ìlú, kò rí Akọ̀wé. Ó ní kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó dà á nù. Ojoojúmọ́ ni mò ń ṣa orúkọ wọn níbí sínú ìwé mi, tí mò ń wọkọ̀ lọ fojú ara mi rí wọn. Tí mo bá ti fojú rí ẹnì kan, òfin gbà mí láyè láti fi ìlà kan kún un: 'Mo rí i, ó wà láàyè', màá fọwọ́ sí i. Ilé márùn-ún ni mò ń lè dé lójúmọ́. Ẹsẹ̀ yìí ò jẹ́."

"Mélòó ló kù, mà?" ni Ìyùnadé béèrè.

"Igba ilé ó lé méjìlá lóṣù yìí. Ilé tiyín wà níbẹ̀. Mo wá lánàá, ìyá rẹ ò ṣílẹ̀kùn fún mi, ó ní kò sí Akọ̀wé kankan níbẹ̀. Kí ni kí n kọ? Mi ò lè kọ pé mo rí ohun tí mi ò rí."

Ìyùnadé ló ní kí wọ́n má ṣílẹ̀kùn. Òun gan-an, pẹ̀lú ẹnu ara rẹ̀, ó tún kí ìyá rẹ̀ kú iṣẹ́.

Ó fa fóònù yọ. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn báyìí, kẹ́ ẹ pe orúkọ Bàbá gan-an."

"Orúkọ ta?"

"Ti Bàbá. Fágbàmígbé."

"Kí n pe orúkọ bàbá ọkọ mi?" Ohùn ìyá rẹ̀ lọ sókè. "Ìyùnadé, ṣé kò sí o? Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n tí mo ti wọlé yìí, ṣé o gbọ́ ọ lẹ́nu mi rí? Wọ́n jókòó síwájú mi ńbí o, wọ́n ń gbọ́ wa!"

"Má yọ ìyá rẹ lẹ́nu," ni Àlàájà wí jẹ́jẹ́. "Bó tiẹ̀ pè é, ó ti pẹ́ jù. Ìdájí la kó ti òní. Ohun tí ilẹ̀kùn bá gbọ́ báyìí, ti Ìjábọ̀ oṣù tó ń bọ̀ ni." Ó jókòó sórí àpótí, ó ń fọwọ́ ra orúnkún. "Ohun tó ń dùn mí ni pé mo ti kọ̀wé sí wọn. Lẹ́tà mẹ́sàn-án! Mo ní ẹnikẹ́ni tó bá kọ ìlànà yìí, ẹ jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí ilẹ̀kùn béèrè lẹ́ẹ̀kejì, kó tó da èèyàn nù. Èsì kan náà ni mò ń rí gbà. 'A ti gbọ́. Ẹ ṣé.'"

Ìyùnadé mọ èsì yẹn, ó sì mọ ibi tó ti wá.

Nítorí òun ló kọ ọ́. Ọdún kẹta rẹ̀ ní Ẹ̀yìn Ẹ̀rọ ni. Nígbà náà, bí ilẹ̀kùn kan bá gbọ́ orúkọ tí kò sí nínú ìwé, aago ìkìlọ̀ á dún lórí tábìlì rẹ̀. Ó ń dún níjọ́ iṣẹ́, ó ń dún lọ́jọ́ ìsinmi, kì í jẹ́ kó jẹun tán. Lọ́jọ́ kan inú bí i, ó jókòó, ó fi ìlà kóòdù mẹ́ta pa á lẹ́nu mọ́: bí o kò bá mọ orúkọ náà, sọ pé "A ti gbọ́. Ẹ ṣé," kó o dà á nù. Aago dákẹ́. Ó dùn mọ́ ọn débi pé nígbà tí lẹ́tà ìráhùn náà pọ̀, ìlà mẹ́ta kan náà ló fi dá wọn lóhùn. Kò ka ọ̀kan rí. Ọ̀gá rẹ̀ yìn ín pé ó ń ṣiṣẹ́ mọ́.

Ó ti di aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

"Àlàájà," ló wí, "mo ti fẹ̀sùn kàn yín. Mo rò pé ẹ̀yin lẹ̀ ń jí wọn. Aago kan ààbọ̀ ni wọ́n máa dé."

Obìnrin náà tún híjáàbù rẹ̀ ṣe.

"Aago kan ààbọ̀? Nígbà náà mi ò ní lè dé Òpópónà Ẹja kí wọ́n tó tì í," ló wí. "Bàbá kan wà níbẹ̀ tí mo ṣèlérí fún." Ó sún ìwé àti bírò rẹ̀ sí iwájú Ìyùnadé, ó dìde. "Jẹ́ kí n lọ ṣàlùwàlá. N ò mọ ibi tí wọ́n máa mú mi lọ."

Ó ku Ìyùnadé nìkan, pẹ̀lú ìwé, pẹ̀lú dígí tí Àlàájà ò tì.

Ẹ wò ó, kò ní pẹ́ rárá. Ìlà kan péré ni. Ilé kẹtàdínlógún: mo rí i, ó wà láàyè. Kò tiẹ̀ ní jẹ́ irọ́, òun ló fún Bàbá lógì láàárọ̀ yìí! Lóòótọ́, òfin ò gbà kéèyàn jẹ́rìí ilé ara rẹ̀, àmọ́ orúkọ Àlàájà ló máa wà níbẹ̀, Àlàájà náà sì ti ń lọ. Kóòdù ò ní ìbuwọ́lù. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó kọ ìlà mẹ́ta yẹn. Kó dákẹ́ ni. Bàbá á wà lórí àga rẹ̀, ilẹ̀kùn á máa ṣí fún un, omi á máa yọ. Ó fi ìka lé dígí.

Orúkọ ṣì ń ṣàn wálẹ̀. Baba Onífìlà. Ta ni Baba Onífìlà? Ibo ló jókòó sí báyìí, ta sì ni ìyàwó tó ń dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn láàárọ̀ àti lálẹ́, tó ń sọ fún ẹ̀rọ pé ó wà láàyè, tí ẹ̀rọ ń kí i kú iṣẹ́?

Ó mú ìka rẹ̀ kúrò.

Olùyẹ̀wò méjì ni wọ́n wá, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, aṣọ eérú ni wọ́n wọ̀. Aago kan ààbọ̀ gééré. Ọkùnrin náà wo Àlàájà tí omi àlùwàlá ṣì ń kán lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìwọ ni Sìfáwù tó ń sọ alààyè dòfìfo?"

"Rárá," ni Ìyùnadé wí. Ohùn rẹ̀ kéré jù. Ó tún un sọ. "Rárá, sà. Kì í ṣe wọ́n. Èmi ni mo kọ ìlànà náà. Irọ́ ni Ìjábọ̀ yẹn. Ẹ dá a dúró."

Gbogbo dígí ilé náà di funfun lẹ́ẹ̀kan náà. Nísàlẹ̀, lórí omi, ariwo sọ. Wọ́n ti rí i pé kò sí Ìjábọ̀ lónìí. Obìnrin tó ń kọrin ti dákẹ́. Ìyùnadé ò lè wo ojú fèrèsé.

"O mọ òfin?" ni olùyẹ̀wò obìnrin béèrè.

"Mo mọ̀ ọ́n, mà."

"Títí ìrọ̀lẹ́ lo ní láti fi tún un kọ. Lẹ́yìn ìyẹn, o ò sí mọ́."

Ó tún un kọ. Kò gbà ju wákàtí kan lọ, ìyẹn ló sì bí i nínú jù. Ilẹ̀kùn tí kò bá mọ orúkọ kan báyìí, á béèrè: "Ta lẹ̀ ń pè bẹ́ẹ̀? Ṣé ara ń dá wọn?" Ìdájí ọ̀la ni yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Títí dìgbà yẹn, ìlà mẹ́ta àtijọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́, òun ni ilẹ̀kùn máa fi dá Ìyùnadé fúnra rẹ̀ lóhùn lálẹ́ òní. Àlàájà jókòó tì í títí ó fi parí. Kò bá a wí, kò sì gbóríyìn fún un. Nígbà tó dìde, ó yọ búrẹ́dì kan nínú báàgì rẹ̀, ó pín in sí méjì, ó fún un ní èyí tó tóbi.

Ọlọ́kọ̀ kankan ò lè gbé e. Ó fẹsẹ̀ rin gbogbo afárá títí ó fi délé, oòrùn ti ń wọ̀. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé kẹtàdínlógún.

"Ta nìyẹn?"

"Ìyùnadé ni," ló wí. "Ìyùnadé Fágbàmígbé."

"A ti gbọ́," ni ilẹ̀kùn wí. "Ẹ ṣé."

Kò ṣí. Ìyùnadé dúró síbẹ̀, ó gbé iwájú orí lé pákó náà, ẹkún sì bọ́ lójú rẹ̀. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ nínú ilé. Ó gbọ́ tí ìyá rẹ̀ ń bá ilẹ̀kùn jà, tó ní ọmọ òun ló wà níta yẹn, tí ilẹ̀kùn ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìgbà kan, ìgbà kejì, ìgbà kẹta. Lẹ́yìn náà ni ohun kan dún gbàgà, igi lu igi. Ọmọ odó ni. Ó tún dún, pákó fọ́, ìmọ́lẹ̀ inú ilé sì tú jáde sára rẹ̀.

"Akọ̀wé, ẹ kásẹ̀ kúrò lọ́nà díẹ̀," ni Màmá Wúràọlá wí, ọmọ odó lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ọmọ yín ti dé."